Iná Elésè Àlùkò Inú Ìkòkò Kẹrin

Ọjọ́ Ajé, 9 Okúdù

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lónìí, níbí ní Surat. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, kí n wẹ ọwọ́, kí n wọ kóòtù funfun, kí n fi fìlà ọ̀rá bo irun. Nígbà tí mo rí ara mi nínú dígí ẹnu ọ̀nà, mo rò pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi. Kò sí eruku níbẹ̀. Kò sí ariwo ọlọ. Kò sí ẹni tó ń kọrin tàbí tó ń bú ẹnikẹ́ni. Yàrá gígùn kan ni, ó tutù bí òwúrọ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ lábúlé wa ní Gariadhar, àwọn ìkòkò irin sì tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fèrèsé róbótó tí kò ju ẹnu ife lọ.

Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀gá mi. Foram ni orúkọ rẹ̀.

"Bọ̀dá Bhikhu, ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń lọ òkúta dáyámọ́ǹdì?"

"Láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi."

"Òkúta ilẹ̀?"

"Ṣé òmíràn wà nígbà yẹn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo òmíràn, èyí tí à ń fi ẹ̀rọ ṣe."

Mo gbé ojú lé fèrèsé ọ̀kan nínú wọn. Iná kan wà níbẹ̀, ó rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, àwọ̀ rẹ̀ elésè àlùkò. Kò mì, kò dún. Kò dà bí ohun tó ń jó nǹkan. Ó dà bí ohun tó ń ronú. Mo dúró síbẹ̀ títí Foram fi fọwọ́ kàn mí léjìká.

Ọjọ́rú, 11 Okúdù

Jasu ìyàwó mi fẹ́ mọ ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀ gan-an.

"Mò ń wo iná," mo ní.

"Wọ́n ń gba ènìyàn síṣẹ́ láti wo iná? Bàbá Dharti, ẹ bá mi béèrè bóyá àyè kù. Mo ti ń wo iná ààrò láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín."

Dharti ọmọbìnrin wa rẹ́rìn-ín títí omi fi gbà á lọ́nà ọ̀fun. Ó pẹ́ díẹ̀ tí a ti rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Okúdù

Mo lọ kí Ẹ̀gbọ́n Nanji ní àdúgbò Varachha. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Ìdí ọlọ onírin kan náà ni àwa mẹ́rin jókòó sí láti ìgbà èwe mi. Ní oṣù Ẹ̀bìbí, wọ́n ní ká lọ sinmi nítorí ooru. Nígbà tí a padà dé, àgádágodo ni a bá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó wà lókè òkun kò ra òkúta ilẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Karsan ti padà sóko òwú, Valji ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n ló kù.

Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò yà fún mi.

"Mo ti gbọ́ ibi tí o wà," ó ní.

"Ẹ jẹ́ kí n wọlé, Ẹ̀gbọ́n, ká jọ mu tíì."

"Jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ."

Mo na ọwọ́. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ó ti mọ́ tónítóní. Ọwọ́ akọ̀wé. Bhikhu, òkúta tí mo kọ́ ẹ láti lọ ti wà nínú ilẹ̀ kí ẹja kankan tó wà nínú òkun. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá. Ìwọ wá ń se òkúta bí ẹni ń se ẹ̀wà. Máa lọ. Tó bá jinná, kí o fi iyọ̀ sí i."

Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Labhu, ń wò mí láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ojú bẹ̀ mí. Mo wọ bàtà mi, mo sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Okúdù

Òjò dé. Gbogbo àdúgbò gun òrùlé, tàgbàtèwe, a kàn dúró síbẹ̀ kó máa pa wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ ti fún Foram láyè. Ìkòkò kẹrin di tiwa, fún òkúta ńlá kan ṣoṣo. Nínú àwọn ìkòkò yòókù, òkúta kéékèèké ń hù pọ̀ bí ẹ̀fọ́ lórí ebè.

"Bí èyí bá bàjẹ́," ó ní, "ìdí kọ̀ǹpútà òkè ni wọ́n á dá mi padà sí. Bàbá mi á sì pè mí wálé sí Rajkot láti wá wo ọkọ tí wọ́n ti rí fún mi."

"Ṣé ọkọ náà burú ni?"

"Táyà ló ń tà, Bọ̀dá Bhikhu. Ọ̀rọ̀ táyà náà ló sì ń sọ."

Ó fi ẹ̀mú tín-ín-rín gbé irúgbìn. Pẹlẹbẹ dáyámọ́ǹdì ni, ó fẹ́lẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun, ara òkúta ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ti gé e. Ó gbé e sáàárín, ó ti ìkòkò. Wọ́n fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n wá jẹ́ kí gáàsì wọlé díẹ̀díẹ̀. Irú èyí tí Jasu fi ń dáná wà lára rẹ̀. Nígbà tí agbára iná lu gáàsì náà, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó sì tàn. Èédú tó wà nínú rẹ̀ wá ń bọ́ sórí irúgbìn, ẹyọ lórí ẹyọ, bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sórí ewé.

"Báwo ló ṣe ń mọ bó ṣe máa tò?" mo béèrè.

"Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò," Foram dáhùn. "Bí àwa náà ṣe ń tò síwájú báńkì."

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé lórí ọkọ̀. Nínú ilẹ̀, gbogbo ìwúwo ayé ló ń tẹ èédú mọ́lẹ̀ títí ó fi gbà láti di òkúta. Nínú ìkòkò wa, kò sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó fúyẹ́ ju èémí lọ, síbẹ̀ òkúta kan náà ló ń dà. Mo gbàgbé láti sọ̀kalẹ̀ níbi tó yẹ kí n sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10 Agẹmọ

Ohun tí òkúta náà fi ń ga ní wákàtí kan kò tó ìnípọn irun orí kan. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa wo àwọ̀ iná, kí n máa wo nọ́ńbà ooru, kí n má sùn. Èyí tó le jù ni kí n má sùn. Iná náà máa ń fani mọ́ra bí ìtàn ìyá àgbà.

Lánàá mo lálàá pé òjò tó ń rọ̀ kò ṣàn lọ mọ́. Ó ń dúró síbi tó bá bọ́ sí, ó ń ga sókè lórí òrùlé, lórí màlúù tó dùbúlẹ̀ sójú títì, lórí èjìká Ẹ̀gbọ́n Nanji, gbogbo rẹ̀ sì mọ́ gaara, a sì ń rí ara wa nínú rẹ̀. Ẹ̀rù kò bà mí. Jasu ní mò ń fi ìka to nǹkan lórí aṣọ ìbora.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Agẹmọ

Òjò láti òwúrọ̀. Odò Tapi ti bo afárá ìsàlẹ̀, ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà. Nígbà tó di ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú bí ìdí ìkòkò. Iná ìjọba ṣẹ́jú, ó lọ. Bátìrì gbà á. Ó yẹ kí jẹnẹrétọ̀ gbà á lọ́wọ́ bátìrì, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́. Àwọn yòókù sáré lọ bá a nísàlẹ̀. Èmi nìkan ló kù nídìí ìkòkò kẹrin.

Foram pè mí lórí fóònù láti ojú ọ̀nà. Mo ń gbọ́ omi lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń ti sikúútà.

"Kí ni àwọ̀ rẹ̀?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó dà bí omi aró tí wọ́n bu omi là."

"Ẹ má jẹ́ kó kú, Bọ̀dá Bhikhu! Tó bá kú lójijì, òtútù á là á. Ẹ dín gáàsì kù. Díẹ̀díẹ̀. Ẹ yí i bí ẹni ń yí rédíò sílẹ̀ níbi tí ọmọ ti ń sùn."

Mo yí i. Iná náà súnkì, ó kéré bí ẹyin, ó kéré bí ẹyin ẹyẹ. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un nípa kànga ìyá mi, bí a ṣe máa ń ju òkúta sínú rẹ̀ ká tó gbọ́ omi. Mo ní kó dúró dè mí, pé n kò lọ síbì kankan. Nísàlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Iná náà fẹ̀ padà bí ẹni tó mí kanlẹ̀.

Foram wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé itan. Ó gbé iwájú orí lé ara irin ìkòkò náà.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wọlé?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Èmi náà máa ń bá a sọ̀rọ̀," ó ní.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Agẹmọ

Mo sùn títí di ọ̀sán. Tòmátì ti wọ́n débi pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni Jasu fi rọ́pò rẹ̀ nínú ọbẹ̀. Ó dùn, mo sọ bẹ́ẹ̀, ó ní irọ́ ni mò ń pa.

Ọjọ́ Ajé, 4 Ògún

A jẹ́ kí iná sùn díẹ̀díẹ̀, a ṣí ìkòkò kẹrin. Ọkàn mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí i. Etí rẹ̀ yí ká dúdú, ó rí págunpàgun bí èérún ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò.

"Ẹ má wo etí rẹ̀," Foram ní. "Ẹ wo àárín."

Àárín rẹ̀ dà bí tíì fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọn kò fi mílíìkì sí. Mo gbé e sókè sí iná, mo rí ìka ara mi ní òdìkejì. Lóṣù tó kọjá, gáàsì ni.

Wọ́n fi iná lésà gé ìdọ̀tí etí rẹ̀ kúrò, wọ́n wẹ̀ ẹ́, a tún dá a padà. A ó tún ṣí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó tóbi tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Ògún

Àǹtí Labhu wá bá mi lẹ́nu géètì ibi iṣẹ́, ó tutù wìnnìwìnnì, kò gbé agbòòrùn.

"Bhikhu, ẹ̀gbọ́n rẹ jáde láti òwúrọ̀, kò mú fóònù. Ó gbé wọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sórí tábìlì. Kò bọ́ ọ sílẹ̀ rí."

N kò fẹ́ kọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa alọ́kúta ni a ti gbọ́ ìròyìn ikú wọn lọ́dún yìí. Foram rí ojú mi, ó ní kí n máa lọ, òun á dúró ti ìkòkò.

A lọ sétí odò, mo ń wo omi, n kò fẹ́ wò ó. A lọ sí tẹ́ńpìlì. A lọ síbi tí Valji máa ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí, òun náà fi èrò sílẹ̀, ó gbé wa kiri. Valji ló sọ pé, "Ẹ ti dé ṣọ́ọ̀bù?"

"Wọ́n ti tì í pa."

"Ọlọ́dẹ ibẹ̀ ń kọ́? Ẹ̀gbọ́n ló bá a wá iṣẹ́ náà."

Ó wà níbẹ̀. Ọlọ́dẹ ló ṣí i fún un. Ó jókòó sórí tìmùtìmù rẹ̀ nídìí ọlọ, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin tí kò yí, ìmọ́lẹ̀ òjò gba fèrèsé wọlé, ó sì dà bí ẹni tí wọ́n kùn sára ògiri. Eruku ti bo ohun gbogbo àfi ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Mo ní kí àwọn yòókù dúró síta. Mo wọlé, mo jókòó sí àyè mi.

Kò yíjú kúrò lára irin náà.

"Bhikhu, ṣé o ń gbọ́ ọ?"

"Kí ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kò dún." Ó fi ọwọ́ pa irin náà. "Mo rò pé tí mo bá jókòó pẹ́ tó, etí mi á rántí. N kò mọ ohun tí mo lè fi ara mi ṣe, Bhikhu. Mo máa ń jí, mo máa ń múra."

Mo gbé ọwọ́ mi náà lé irin ọlọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dáwọ́ dúró díẹ̀. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó jẹ́ kí n bá òun di agbòòrùn mú.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Ògún

A ṣí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti là.

Ìlà tín-ín-rín kan ni, láti igun kan ó ń lọ sí àárín, ó dáwọ́ dúró bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Foram jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú kóòtù funfun rẹ̀.

"Ó tán," ó ní. "Táyà ló kù."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Ògún

Mo lọ sí Varachha. Láti ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń yà fún mi, kì í sọ̀rọ̀.

"N kò wá kí yín lónìí, Ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè iṣẹ́ ni mo bá wá. Òkúta kan là. Ó ṣì ní láti padà sínú iná. Níbo la ti máa gé e?"

"Òkúta ẹ̀rọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo ya òkúta náà sórí pépà, mo fa ìlà náà sí i. Ó gbé pépà náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó yí i po.

"Ìwọ kò mọ àwòrán yà láti kékeré," ó ní. "Èyí dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ta ló lè fi èyí sọ nǹkan? Àfi kí ènìyàn rí i."

"Ẹ wá wò ó nígbà náà."

"N kò sọ pé mò ń bọ̀."

Àǹtí Labhu gbé tíì wá fún wa. Ó rọra sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ó ti bi mí ibi tí mo gbé bàtà rẹ̀ tó dára sí."

Ọjọ́ Ajé, 25 Ògún

Ó dé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó kọ̀ láti dé fìlà ọ̀rá. Foram ní òfin ni. Ó ní irun kò sí lórí òun tó lè já bọ́. Foram wo orí rẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ni, Bàbá, ẹ máa bọ̀." Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn, àwọn méjèèjì kò mọ̀.

Kí Foram tó fi òkúta wa hàn án, ó ní òun fẹ́ bi í ní nǹkan. Òkúta ilẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé iṣẹ́ yìí, inú àpótí tí wọ́n tì pa ló wà, wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ ìyẹ̀wò wò. Ẹni tó bá da irú méjèèjì pọ̀ níbí, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ tán. Foram gbé e jáde, ó gbé òkúta ẹ̀rọ tó tóbi bákan náà tì í.

Ẹ̀gbọ́n fi awò rẹ̀ tó ń mú nǹkan tóbi sójú. Ó yí wọn. Ó mí sí wọn lára, ó wo bí èémí rẹ̀ ṣe ń ṣá lára wọn. Ó gbé wọn lé àtẹ́lẹwọ́. N kò lè wo ojú rẹ̀.

"Èyí ni ti ilẹ̀," ó ní. Ó fa ìka rẹ̀ sẹ́yìn. "Tàbí èyí." Ó bọ́ awò kúrò lójú. "N kò mọ̀."

"Èmi náà kò mọ̀, Bàbá," Foram ní. "Wọ́n le bákan náà, wọ́n wúwo bákan náà, èédú ni wọ́n méjèèjì. Ojú ènìyàn kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká bi iná léèrè."

Ó pa iná yàrá, ó tan iná ẹ̀rọ ìyẹ̀wò. Òkúta kan tàn bíi sánmà ìrọ̀lẹ́, búlúù. Èkejì pọ́n bí ẹ̀yinná, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

"Búlúù ni ti ilẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n wo búlúù náà bí ẹni tó rí ìbátan rẹ̀ nílùú òkèèrè. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sórí èkejì.

"Kí ni àwọn ìlà wọ̀nyí?"

"Bó ṣe ga ni. Ìpele lórí ìpele."

"Ó dà bí ebè òwú," Ẹ̀gbọ́n ní. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Bàbá mi máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó gún régé."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Ògún

Wọ́n jà. Ẹ̀gbọ́n ní ká gé e ní tòsì, ká pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Foram gbé òkúta náà sáàárín ọ̀rá dúdú méjì, àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè jáde lára rẹ̀, ó ní apá ọ̀tún ni ìnira wà, níbi tó ti lè tún là.

"Ọmọ yìí, ìwọ ń wo òṣùmàrè, èmi ń wo òkúta."

"Òṣùmàrè yẹn ni òkúta ń sọ, Bàbá."

"Bó bá jẹ́ ti ilẹ̀, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe pẹ̀lú ojú dídì."

"Èyí kì í ṣe ti ilẹ̀."

"Mo mọ̀," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí."

Foram fa àga súnmọ́ ọn. Tíì mi tutù, tiwọn náà tutù. Nígbà tí wọ́n parí, ìlà tí wọ́n fà bẹ̀rẹ̀ níbi tí Ẹ̀gbọ́n sọ, ó sì parí níbi tí Foram sọ. Iná lésà gé e. Apá tó là já bọ́, òkúta wa kéré sí i gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣì wà. Foram lọ sí ilé ìwẹ̀. Nígbà tó padà, ó ti fi omi bọ́jú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Owérè

Ó ń ga. Kò là.

Ọjọ́bọ̀, 25 Owérè

Ọdún ijó ti bẹ̀rẹ̀. Dharti ń yí nínú aṣọ pupa ní ìrọ̀lẹ́ títí òógùn fi bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún, ó ní kò dun òun.

Ẹ̀gbọ́n máa ń wá lọ́sàn-án. Ó ní òun wá wò ó bóyá a ti bà á jẹ́. Ó máa ń fa àga sí iwájú fèrèsé róbótó náà, ìmọ́lẹ̀ elésè àlùkò á bo irun ojú rẹ̀. Lónìí ó sun oorun níbẹ̀. Foram ní kí a má jí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Ọ̀wàrà

A ṣí i fún ìgbà ìkẹyìn. Odindi ni. Foram fò mọ́ mi lọ́rùn, ó rántí pé ọ̀gá ni òun, ó fi mí sílẹ̀, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe.

Ó ṣì pọ́n díẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀ gbígbóná láti fọ àwọ̀ náà kúrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ọ̀wàrà

Òkúta wa padà dé, ó mọ́ gaara bí omi. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n jókòó sídìí ọlọ tó wà nísàlẹ̀ ilé iṣẹ́. Foram ló sọ pé kí àwa méjì lọ̀ ọ́, kò bi wá bóyá a gbà.

Nígbà tí ọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, Ẹ̀gbọ́n dijú. Mo mọ̀ pé ariwo yẹn ló ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé òkúta náà lé e.

"Kò ní ìbínú," ó ní, bí ẹni tí ẹnu yà. "Ti ilẹ̀, wàá kọ́kọ́ wá ibi tó gbà ẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kókó tirẹ̀. Èyí kàn ń gbọ́ràn."

"Ṣé ó burú?"

"N kò sọ pé ó burú. Ó ṣàjèjì ni."

Lọ́sàn-án, nígbà tó kàn mí, ohùn ọlọ yí padà lábẹ́ ìka mi, fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ há lọ́fun. Mo gbé e sókè, mo wò ó. Mo wo ibi tó wà nínú ìpele rẹ̀. Mo mọ ọjọ́ náà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ síbẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n béèrè. Òun náà ti gbọ́ ọ.

"Òjò," mo ní. "Ọjọ́ tí Tapi kún. Iná fẹ́ẹ̀ kú."

Ó gba òkúta náà lọ́wọ́ mi, ó di í mú fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ọ̀wàrà

A parí. Ẹ̀gbọ́n ló fi ọlọ lọ ojú ìkẹyìn sí i. Ó nu ún, ó gbé e lé orí aṣọ dúdú, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bọ́ sínú rẹ̀, kò sì fẹ́ jáde mọ́.

Ọ̀gá Àgbà wá wò ó. Ó ní ó kéré sí ohun tí òun rò. Ó wò ó títí tíì rẹ̀ fi tutù, ó wá sọ fún Foram pé lẹ́yìn ọdún Diwali, kó mú ìkòkò karùn-ún àti kẹfà mọ́ ọn. Foram dúró bí ọmọ ilé ìwé, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Nígbà tí ọkùnrin náà jáde, ó pe Rajkot, ó ní kí wọ́n bá òun kí ẹni tó ń ta táyà, kí wọ́n sọ fún un pé kò sí àyè.

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n.

"Bàbá, ìkòkò mẹ́ta nìyẹn. Òkúta á máa jáde. Mo nílò ẹni tó máa jókòó sídìí ọlọ yẹn lójoojúmọ́, tí á sì máa bá mi jà."

Ẹ̀gbọ́n ń nu ọlọ, ó ń nu ibi tó ti mọ́. Wọ́n ti ń ta báńgà fún Diwali lójú títì, àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, ó ń bú gbàù níta. Gbogbo Surat ń di ẹrù lọ sábúlé.

Fóònù rẹ̀ dún. Ó wo orúkọ, ó gbé e sétí. Àní láti ibi tí mo wà, mo ń gbọ́ ohùn Àǹtí Labhu: ó ń béèrè ibi tó wà láti òwúrọ̀, oúnjẹ ti tutù.

Ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ abẹ́ ọlọ, ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe lórí tìmùtìmù.

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà," ó ní.